Bí Ọmọ Inú Bá Dákẹ́, Ẹ Má Ṣe Dúró De Ọ̀la

Ọ̀rọ̀ àwọn tí ó wà nínú oyún ni a mú wá ní ọ̀sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn nìkan ni a ń bá wí. Bí ìwọ tí ò ń kà á kò bá lóyún, aya rẹ lè lóyún, ọmọ rẹ lè lóyún, olùkọ́ tí ẹ jọ wà ní ilé-ìwé kan náà lè lóyún, ẹni tí ìsọ̀ rẹ̀ kángun sí tìrẹ ní ọjà lè lóyún. Nítorí náà, kí tọkùnrin tobìnrin fara balẹ̀ kà á, kí ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n kà sì ka fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

Bí a bá pàdé aboyún, àdúrà tí ó máa ń wá sí ẹnu wa ni pé a ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó sì gbọ́ ohùn ọmọ. Àdúrà rere ni. Ṣùgbọ́n kí a tó gbọ́ igbe ọmọ ní ọjọ́ ìkúnlẹ̀, ọmọ náà ti ń sọ̀rọ̀ láti inú wá fún oṣù mélòó kan. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni ó fi ń sọ ọ́, ìyá rẹ̀ nìkan ni ó sì ń gbọ́ ọ. Dókítà kò lè gbọ́, ọkọ kò lè gbọ́, àfi bí ìyá bá sọ fún wọn.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé kò ju èyí lọ: bí ọmọ tí ó ti máa ń mira dáadáa nínú ìyá rẹ̀ bá dín mímira rẹ̀ kù, tàbí tí ó dákẹ́, kí ìyá náà lọ sí ilé-ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an. Kí ó má dúró di ọ̀la, kí ó má dúró di ẹ̀yìn ọjà, kí ó má sì dúró de ọjọ́ tí wọ́n kọ sí káàdì rẹ̀ pé kí ó padà wá.

ỌJỌ́ TÍ ỌLẸ̀ SỌ

Àwọn baba wa ní ọ̀rọ̀ fún ìgbà tí aboyún bá kọ́kọ́ mọ̀ pé ohun kan mì nínú òun: wọ́n ní ọlẹ̀ sọ. Ẹni tí ó bá ti ka ìtàn Èlísábẹ́tì ìyá Jòhánù nínú Bíbélì Yorùbá ti bá ọ̀rọ̀ náà pàdé. Ọ̀pọ̀ obìnrin ni ó máa ń mọ̀ ọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ 16 sí ọ̀sẹ̀ 24 oyún. Ẹni tí oyún rẹ̀ jẹ́ àkọ́kọ́ lè má mọ nǹkan kan títí ọ̀sẹ̀ 20 yóò fi kọjá, nítorí kò tíì mọ bí ó ti máa ń rí. Ẹni tí ó ti bímọ rí a máa tètè dá a mọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó máa ń dà bí ẹja kékeré tí ó yí nínú omi, ẹlòmíràn á tilẹ̀ rò pé inú ni ó ń kùn. Bí ó bá pẹ́ díẹ̀, á di títàpá, á di nínà, á di yíyí, títí ọkọ pàápàá yóò fi lè gbé ọwọ́ lé ikùn kí ó sì mọ̀ ọ́n.

Bí oyún bá tó ọ̀sẹ̀ 24 tí ìyá kò tíì mọ nǹkan kan rárá, kí ó lọ sọ fún nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí. Ó lè jẹ́ pé iwájú ikùn ni ibi ọmọ wà, tí ó dà bí ìrọ̀rí láàárín ẹsẹ̀ ọmọ àti ara ìyá, tí kò jẹ́ kí ìyá tètè mọ̀ pé ọmọ ń tàpá. Ṣùgbọ́n ilé-ìwòsàn ni yóò wò ó tí yóò sì sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ará ilé.

Láti ìgbà náà lọ, mímira ọmọ a máa pọ̀ sí i títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 32. Lẹ́yìn èyí, kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i mọ́, ṣùgbọ́n kì í dín kù pẹ̀lú, títí a ó fi bí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún gbólóhùn yìí kà lẹ́ẹ̀kejì, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀.

ỌMỌ KỌ̀Ọ̀KAN ÀTI ÌṢE TIRẸ̀

Ọmọ ìka kò dọ́gba, bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ inú. Òmíràn á máa tàpá bí ẹni tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù. Òmíràn á kàn máa rọra yí. Òmíràn wà tí ó jẹ́ pé alẹ́ ni ó mọ̀, nígbà tí ìyá rẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ fi ojú ba oorun. Ọmọ inú náà a sì máa sùn. Oorun rẹ̀ sábà máa ń tó 20 sí 40 ìṣẹ́jú, ó sì ṣọ̀wọ́n kí ó ju 90 ìṣẹ́jú lọ bí ara ọmọ bá le. Nítorí náà, ìyá kò ní láti bẹ̀rù nítorí pé ọmọ dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa béèrè pé: ẹ̀ẹ̀melòó ni ó yẹ kí ọmọ mira ní ọjọ́ kan? Kò sí iye kan tí ó bá gbogbo ọmọ mu. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ wo kíláàsì yín. Olùkọ́ tí ó ti lo sáà kan pẹ̀lú àwọn ọmọ mọ èyí tí ó máa ń pariwo, ó sì mọ èyí tí kì í sọ̀rọ̀. Bí aláriwo bá jókòó jẹ́ẹ́ láti àárọ̀, olùkọ́ á pè é, á fi ọwọ́ kàn án níwájú orí bóyá ara rẹ̀ gbóná. Kò fi í wé ọmọ ẹlòmíràn, bí ó ti rí ní àná ni ó fi ń wò ó. Ẹ̀yin ọlọ́jà náà, ẹ kò ní láti ṣí ìwé kí ẹ tó mọ̀ pé ọjà òní kò yá bí ọjà tí ó kọjá.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni kí aboyún ṣe. Kí ó mọ ìṣe ọmọ rẹ̀: ìgbà tí ó máa ń jí, ìgbà tí ó máa ń sùn, bí títàpá rẹ̀ ti máa ń le tó. Kí ó má fi wé ti ìyàwó ilé kejì, kí ó má sì fi wé ti oyún tí ó ti bí kọjá. Bí ìṣe náà bá yí padà, tí ó rẹlẹ̀ ju bí ó ti máa ń rí lọ, àmì nìyẹn.

"ỌMỌ Ń SINMI NI"

Ìgbàgbọ́ kan wà tí ó ti wọ̀ wá lára, pé bí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ bá ti súnmọ́, ọmọ á dákẹ́ láti sinmi. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti máa ń lọ nínú agbo ilé. Ìyàwó tí oyún rẹ̀ ti wọ oṣù kẹsàn-án jí ní òwúrọ̀, ó lọ kí ìyá ọkọ rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Ìyá. Ẹ jọ̀wọ́, láti àná ni ọmọ yìí kò ti mira bí ó ti máa ń ṣe."

"Ìyàwó mi, fọkàn balẹ̀. Kò sí àyè fún un níbẹ̀ mọ́ ni. Ọmọ ń sinmi ni. Mu omi tútù, kí o sì dùbúlẹ̀ díẹ̀."

"Mo ti mu ún, Ìyá. Ó kàn rọra yí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni."

"Ṣé o wá rí i? Ó kúkú mira. Ọ̀la ni ọjọ́ ọjà. Jẹ́ kí á ná ọjà tán, bí kò bá tíì yí padà, wàá lọ."

Ìfẹ́ ni ìyá yìí fi sọ ọ́, kò fẹ́ kí àyà ìyàwó rẹ̀ já. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn náà léwu. Òótọ́ ni pé àyè ń dín kù fún ọmọ bí ó ti ń tóbi, nítorí náà títàpá rẹ̀ lè yí padà di títì àti yíyí. Ṣùgbọ́n pé kí ó dín mímira kù, tàbí kí ó dákẹ́, èyí kò sí nínú ìmúrasílẹ̀ fún ìbí. Ọmọ tí ara rẹ̀ le á máa mira títí di ọjọ́ ìrọbí, àní títí inú ìrọbí pàápàá. Àìtètè mú olè, olè ń mú olóko. Ọjọ́ kan tí wọ́n fi ń dúró de ọjà yẹn lè jẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo tí ọmọ náà kù tí a fi lè gbà á là.

OHUN TÍ Ó Ń MÚ ỌMỌ DÁKẸ́

Ibi ọmọ ni ó ń bọ́ ọmọ nínú. Gbogbo oúnjẹ tí ọmọ ń jẹ àti gbogbo èémí tí ó ń lò, inú ẹ̀jẹ̀ ìyá ni ó ti ń wá, ibi ọmọ ni ó ń gbà á, ìwọ́ ni ó sì ń gbé e dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Ó dà bí ìlú tí ó ní ọ̀nà kan ṣoṣo àti afárá kan ṣoṣo. Bí afárá bá bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀, ọjà tí ń wọ ìlú á dín kù, àwọn ará ìlú á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ohun tí wọ́n ní jẹ.

Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ inú ń ṣe. Bí ohun tí ń wọlé fún un bá dín kù, á kó èyí tí ó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ sí ọpọlọ àti ọkàn, á sì dín lílo ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kù. Bí epo bá ń tán lọ nínú àtùpà, a máa ń yí òwú rẹ̀ wálẹ̀ kí iná má baà kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹni tí ó wà ní òde lè rò pé àwọn ará ilé ti sùn ni, kò mọ̀ pé epo ni ó ń tán. Ìdí nìyí tí ìdákẹ́jẹ́ ọmọ fi jẹ́ ìkìlọ̀: ó sábà máa ń wá ṣáájú kí ọkàn ọmọ tó dúró, ó sì ń fún wa ní àyè láti ṣe nǹkan.

Kí ni ó lè ba ibi ọmọ jẹ́? Àkọ́kọ́ ni ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún, pàápàá èyí tí ó ń mú orí fọ́ni gidigidi, tí ojú ń ṣe bàìbàì, tí ojú àti ọwọ́ ń wú. Èkejì ni ibà, nítorí kòkòrò ibà tí ẹ̀fọn ń gbé wá a máa sá pamọ́ sínú ibi ọmọ, kódà nígbà tí ara ìyá kò gbóná. Àìtó ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, ìtọ̀ ṣúgà wà níbẹ̀, àrùn fòníkú-fọ̀ladìde lára ìyá wà níbẹ̀. Nígbà mìíràn, ibi ọmọ á fẹ́ já kúrò ní ààyè rẹ̀ kí ọjọ́ tó pé, ẹ̀jẹ̀ lè máa dà, inú á sì máa dun ìyá. Nígbà mìíràn, ọmọ kò dàgbà bí ó ti yẹ, tàbí kí oyún ti ju ọjọ́ rẹ̀ lọ. Sìgá mímu ń ba ibi ọmọ jẹ́. Ọtí àti àwọn oògùn oorun kan sì lè mú kí ọmọ má mira bí ó ti yẹ.

Ní ayé àtijọ́, bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ tí ọmọ kò yè, àwọn kan á ní àbíkú ni, àwọn mìíràn á ní ọwọ́ ayé ni, ojú á sì lọ sára ìyálé tàbí àgbàlagbà kan nínú ilé. Ọ̀pọ̀ ilé ni ó tú nítorí bẹ́ẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé ibi ọmọ ni kò lè ṣiṣẹ́ mọ́.

Kí àyà ẹnikẹ́ni má ṣe já jù. Bí a bá kó 100 aboyún jọ tí wọ́n wá sọ lẹ́ẹ̀kan pé ọmọ àwọn kò mira bí ó ti yẹ, nǹkan bí 70 nínú wọn ni gbogbo nǹkan yóò yọrí sí rere fún. Ṣùgbọ́n bí a bá tún bi àwọn ìyá tí ọmọ kú sínú wọn léèrè, nǹkan bí ìdajì wọn ni yóò sọ pé àwọn ti kíyè sí i tẹ́lẹ̀ pé mímira ọmọ náà dín kù. Àwọn tí ó wà láàárín ìṣirò méjèèjì yìí ni a ń sáré tọ̀.

OHUN TÍ ÀWỌN ÌLÚ MÌÍRÀN RÍ

Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn dókítà ti ń wá bí wọn yóò ti fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe iṣẹ́. Ní ọdún 1976, àwọn dókítà méjì ní ìlú Cardiff, ní ilẹ̀ Wales, Pearson àti Weaver, kọ̀wé nípa ọgbọ́n kan: kí ìyá máa ka mímira ọmọ lójoojúmọ́ títí yóò fi pé mẹ́wàá, kí ó sì sàmì sí ìwé. Ọgbọ́n náà tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dán an wò lára nǹkan bí 68,000 aboyún, tí èsì rẹ̀ sì jáde ní ọdún 1989, iye ọmọ tí ń kú kò dín láàárín àwọn tí a ní kí wọ́n máa kà á.

Ní ilẹ̀ Norway, láàárín ọdún 2005 sí 2007, ilé-ìwòsàn 14 gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n fún àwọn aboyún ní ìwé tí ó ṣàlàyé mímira ọmọ, wọ́n sì fi ẹnu kò láàárín ara wọn lórí ohun tí wọn yóò ṣe ní kíákíá fún ẹni tí ó bá wá. Èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2009: ọmọ tí ń kú sínú ìyá dín kù láti 3 nínú ìbí 1,000 sí 2 nínú 1,000.

Àwọn ará Britain àti Ireland náà wá dán irú rẹ̀ wò ní ilé-ìwòsàn 33, lára oyún tí ó ju 400,000 lọ. Ní ọdún 2018 ni wọ́n sọ èsì rẹ̀. Iye náà wá láti 4.40 nínú 1,000 sí 4.06, ìyàtọ̀ tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ètò náà ni ó fà á. Iye àwọn tí a fi oògùn mú rọbí àti àwọn tí a ṣe iṣẹ́ abẹ fún sì pọ̀ sí i.

Kí ni a rí kọ́? Ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń wẹ òsì, òsì ni a sì fi ń wẹ ọ̀tún. Kíkà nìkan kò gba ọmọ là. Ìyá gbọ́dọ̀ tètè wá, àwọn tí ó sì bá ní ilé-ìwòsàn gbọ́dọ̀ mọ ohun tí wọn yóò ṣe. Nítorí náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kò fi ní kí gbogbo aboyún máa sàmì sí ìwé lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí a kọ́ wọn pé mímira ọmọ ṣe pàtàkì ní oṣù mẹ́ta tí ó kẹ́yìn, kí wọ́n sì wá sọ bí ó bá dín kù.

OHUN TÍ Ó YẸ NÍ ṢÍṢE

Bí ó bá dá ọ lójú pé ọmọ rẹ kò mira bí ó ti máa ń ṣe, tàbí pé ó ti dákẹ́, má ṣe ka ohunkóhun. Dìde, kí o lọ, ìbáà jẹ́ òru. Kí ojú má rí ibi, ẹsẹ̀ ni oògùn rẹ̀.

Bí kò bá dá ọ lójú, tí oyún rẹ sì ti lé ní ọ̀sẹ̀ 28, bóyá òwò tàbí iṣẹ́ kíláàsì ni kò jẹ́ kí o kíyè sí i, fi ohun gbogbo sílẹ̀. Fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀ ní ibi tí ó pa rọ́rọ́, gbé ọwọ́ lé ikùn, kí o sì fi ọkàn sí ọmọ náà fún wákàtí méjì. Bí kò bá mira tó ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá láàárín wákàtí méjì náà, gbéra.

Má ṣe rò pé omi tútù tàbí ohun dídùn nínú ìgò yóò jí i. Kò sí ẹ̀rí pé oúnjẹ tàbí ohun mímu ń mú ọmọ tí ara rẹ̀ kò le mira, ìgbà ni ó kàn ń jẹ. Má ṣe mu àgbo sí i. Má sì gbẹ́kẹ̀ lé ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń tà fún gbígbọ́ ọkàn ọmọ nínú ilé. Ọkàn ọmọ lè máa lù síbẹ̀ nígbà tí ọmọ ti wà nínú ewu, ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ sì lè gbọ́ lílù ẹ̀jẹ̀ ìyá kí ó rò pé ti ọmọ ni.

Bí o bá lọ tí wọ́n sọ pé kò sí ewu, dúpẹ́. Bí ó bá tún ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì, tún lọ. Má ṣe tijú pé wọn yóò ní o tún ti dé. Ẹni tí ó ṣẹlẹ̀ sí lẹ́ẹ̀mejì, ó yẹ kí a fi ojú sí i ju ẹni tí ó ṣẹlẹ̀ sí lẹ́ẹ̀kan lọ. Láti ọ̀sẹ̀ 28 sì ni kí o ti máa fi ẹ̀gbẹ́ sùn, má ṣe máa fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sùn, nítorí ikùn tí ó wúwo a máa tẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ń lọ sọ́dọ̀ ọmọ.

OHUN TÍ WỌN YÓÒ ṢE FÚN Ọ

Àwọn kan ń bẹ̀rù ilé-ìwòsàn nítorí wọn kò mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Agbẹ̀bí yóò bi ọ́ léèrè ìgbà tí o ti kíyè sí i àti bí ọmọ ti máa ń ṣe tẹ́lẹ̀. Yóò wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ, yóò yẹ ìtọ̀ rẹ wò, yóò fi okùn ìwọn wọn ikùn rẹ láti mọ̀ bóyá ọmọ ń dàgbà. Yóò gbọ́ ọkàn ọmọ, ìbáà ṣe pẹ̀lú ẹ̀rọ tàbí pẹ̀lú fèrè onígi kékeré nì tí dókítà ará Faransé kan, Adolphe Pinard, gbé jáde ní ọdún 1895, tí ó ṣì wúlò títí di òní ní ibi tí kò sí iná mànàmáná. Ọkàn ọmọ inú sábà máa ń lù láàárín ìgbà 110 sí 160 ní ìṣẹ́jú kan.

Ní ilé-ìwòsàn tí ó ní ẹ̀rọ, wọ́n lè de èyí tí ń kọ lílù ọkàn ọmọ sórí ìwé mọ́ ikùn rẹ fún 20 ìṣẹ́jú ó kéré tán. Wọ́n lè fi sikáànì wo bí ọmọ ti tóbi tó, àti omi tí ó yí i ká. Kò sí èyí tí ó ń dunni nínú wọn. Lẹ́yìn náà, ọ̀kan nínú ohun mẹ́ta ni: kí wọ́n ní kí o máa lọ sílé, kí wọ́n ní kí o dúró kí àwọn máa wò ọ́, tàbí kí wọ́n gbé ọmọ jáde kí ewu tó dé. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀kẹta, má ṣe bínú. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé tí ó wà láàyè sàn ju èyí tí a dúró dè tí kò sì dé lọ.

Ẹ̀YIN TÍ ABOYÚN WÀ LỌ́DỌ̀ YÍN

Ẹ̀yin ọkọ, bí aya yín bá sọ pé ọmọ kò mira, ẹ má ṣe ní kí ó dúró kí ẹ fi parí ọ̀rọ̀ tí ẹ ń sọ. Láti ìgbà tí oyún bá ti lé ní oṣù mẹ́fà ni ẹ ti gbọ́dọ̀ mọ awakọ̀ tí ẹ lè pè ní òru, kí owó ọkọ̀ sì wà ní ìpamọ́, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ra nǹkan mìíràn.

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ìwé, bí olùkọ́ tí ó lóyún bá tọrọ àyè láti lọ sí ilé-ìwòsàn ní àárín iṣẹ́, ẹ jẹ́ kí ó lọ, kí ẹlòmíràn bá a di kíláàsì mú. Ẹ̀yin ìyálọ́jà, bí ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ bá ní irú ọ̀rọ̀ yìí, kí ẹnìkan jókòó ti ìsọ̀ rẹ̀, kí ẹlòmíràn sì sìn ín lọ. Ẹ̀yin ìyá agbẹ̀bí, àwọn ènìyàn fọkàn tán yín, ọ̀pọ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ wá sọ́dọ̀ yín. Èyí tí ó bá wá pẹ̀lú ẹjọ́ ọmọ tí kò mira, ẹ má ṣe dá a dúró, ẹ fún un ní ẹni tí yóò sìn ín dé ilé-ìwòsàn. Iyì yín kò ní dín kù, ńṣe ni yóò pọ̀ sí i.

Nígbà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Òǹdó dá ètò Abíyè sílẹ̀ ní ọdún 2009, ìdádúró ni wọ́n sọ pé ó ń pa àwọn aboyún: ìdádúró kí wọ́n tó pinnu láti lọ, ìdádúró lójú ọ̀nà, ìdádúró kí a tó dá wọn lóhùn ní ilé-ìwòsàn, àti ìdádúró kí a tó fi wọ́n ránṣẹ́ sí ilé-ìwòsàn tí ó tóbi jù. Èyí àkọ́kọ́ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, inú ilé ni ó wà. Kò sí ìjọba tí ó lè bá wa mú un kúrò.

FÚN ẸNI TÍ Ó TI ṢẸLẸ̀ SÍ

A mọ̀ pé àwọn kan wà nínú àwọn tí ń ka ìwé yìí tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀ sí. Ní ọdún 2021 nìkan, ọmọ tí a bí ní òkú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 28 ní gbogbo ayé tó nǹkan bí mílíọ̀nù 1.9, Nàìjíríà sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ti pọ̀ jù. Nítorí náà, ìyá tí ó rí i, ìwọ nìkan kọ́. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó ṣeé dá dúró, àní fún ẹni tí ó tètè lọ, àní ní ìlú tí ẹ̀rọ pọ̀ sí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọ̀rọ̀ tí a kọ yìí gún ọ ní ọ̀kọ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá tún lóyún, sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ fún dókítà ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí o bá dé ibẹ̀, kí wọ́n lè máa ṣọ́ ọ dáadáa láti ìbẹ̀rẹ̀.

Fún ẹ̀yin yòókù, ohun tí a kò bá fẹ́ kó bàjẹ́, ojú ni a ń mú tó o. Ẹni tí ó gbé oyún ni ó mọ bí ọmọ inú rẹ̀ ti ń ṣe. Bí ó bá ní ọ̀rọ̀ kò rí bí ó ti yẹ kí ó rí, ẹ gbà á gbọ́, kí ẹ sì bá a wá ọkọ̀. Bí wọ́n bá débẹ̀ tí wọ́n sọ pé ọmọ kàn sùn ni, owó ọkọ̀ nìkan ni ó lọ.

Ọlọ́run yóò sọ gbogbo àwọn aboyún wa kalẹ̀ ní àlàáfíà. A ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó sì gbọ́ ohùn ọmọ. Àṣẹ.